Ohun tí Orúkọ "Ogun Hítílà" Bò Mọ́lẹ̀: Ìwé Méjì fún Ẹ̀kọ́ Ìtàn Ìdílé

Ní Rẹ́mọ, láti Ìbídò títí dé Ìsarà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, "Ogun Hítílà" ni àwọn àgbà ń pe ogun àgbáyé kejì, 1939 sí 1945. Òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò ní ìwé ìbí fi ń ṣírò ọjọ́ orí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ bá rán lọ béèrè ìtàn ogun nílé, orúkọ náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ó yẹ kí ó wádìí ohun tí orúkọ náà bò mọ́lẹ̀.

Nínú Aké (1981), Wọlé Ṣóyínká fi ojú ọmọdé wo ogun náà láti Abẹ́òkúta. Hítílà fúnra rẹ̀ ni Paa Adatan múra láti dojú kọ. Ìtàn náà ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí ogun ọ̀nà jíjìn ṣe di ọ̀rọ̀ ojúde ilé.

Abẹ́òkúta kan náà ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀, ti wọṣẹ́ ológun ní 1942, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, láìsọ fún òbí rẹ̀. Ìwé rẹ̀, A Stroke of Unbelievable Luck, tí David Killingray ṣe olótùú rẹ̀, jáde ní 1999. Kì í ṣe Jámánì ni ó bá pàdé. Ìbọn àwọn ọmọ ogun Japan ló fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní Bọ́mà ní oṣù Kẹta 1944. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, fara pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn ará abúlé kan, Shuyiman pàápàá, ló ń bọ́ wọn.

Agbára ìwé yìí ni pé òǹkọ̀wé kò sọ ara rẹ̀ di akọni. Oríire ló ka ìyè rẹ̀ sí. Àléébù rẹ̀ fún ìtàn ìdílé ni pé ojú ẹni tó lọ ló fi wo ogun. Aké ní ojú ẹni tó kù sílé, ṣùgbọ́n kò dé Bọ́mà. Nítorí náà, kíka ọ̀kan láìka ìkejì kò tó.

Kí Fadoyebo tó kú ní 2012, Barnaby Phillips mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìdílé Shuyiman. Ìtàn ìdílé kan ti wọ inú ti òmíràn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá àgbà bá Hítílà jà, tí kò béèrè ibi tó ti jà, ẹni tó bọ́ ọ àti ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé, orúkọ ogun ló kọ. Kò tíì kọ ìtàn.