Tai Ṣólàárín àti Àdúrà Ọ̀nà Líle

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1964, ìwé ìròyìn Daily Times, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní òpópónà Kakawa ní Erékùṣù Èkó, gbé àròkọ kan jáde láti ọwọ́ Tai Ṣólàárín, olùkọ́ ará Ìkẹ́nnẹ́. Ó kí àwọn òǹkàwé kú ọdún tuntun, ó sì gbàdúrà pé kí ọ̀nà wọn rí gbágungbàgun. Létí ọmọ Yorùbá, èpè ni. Ta ni yóò ṣe àmín sí i?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù wo ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí Ṣólàárín ń sọ ni pé ẹni tí kò rí ìnira rí kò lè gbó nínú ayé. Kò sì fi mọ sí ẹnu lásán. Ní ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tí ó dá sílẹ̀ ní 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n ń sin ẹran. Òun fúnra rẹ̀ kò kúrò nínú ṣòkòtò péńpé káákì àti fìlà rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gágun Gowon sọ ní 1974 pé òun kò ní gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1976 mọ́, Ṣólàárín kọ ìwé pélébé tako ó. Ìjọba ológun mìíràn tì í mọ́lé ní 1984, ó di 1985 kí ó tó jáde.

Níbi yìí ni a ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Ẹni tí aṣọ méjì tó, kí ni ìjọba fẹ́ fi rà á?

Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ èyí tipẹ́. Ní 1908, wọ́n dìde sí owó orí omi tí òyìnbó fẹ́ gbà. Nígbà tí wọ́n yọ Ọba Èṣùgbàyí Elékò nípò ní 1925, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò yé pè é ní ọba wọn títí ó fi padà dé ní 1931.

Ṣùgbọ́n àléébù méjì ni a rí. Èkíní, Ṣólàárín kò ya ìnira tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a gbé kà á lórí. Opó tí kò rí owó ilé san kò nílò kí a tún gbàdúrà ọ̀nà líle fún un. Èkejì, ó sọ ní gbangba pé òun kò gba Ọlọ́hun gbọ́. Suratul Inṣiraahi kò fi ìnira sílẹ̀ lóun nìkan. Ó fi ìrọ̀rùn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà líle tí kò ní ìrètí lè sọ ọkàn di òkúta.

Síbẹ̀, ó yẹ kí ojú tì wá. Ẹni tí kò kírun ń gbé ayé ṣókí, àwa tí a ń ka ìtàn Ànábì wa, ẹni tí ó sùn lórí ẹní, ń yá owó ṣe wòlímọ̀, a ń dá aṣọ ẹbí, owó ilé kéwú ọmọ kò sì tíì san. Ọjọ́ tí òdodo bá yẹ ní sísọ níwájú aláṣẹ, gbèsè á ti dí wa lẹ́nu.

Kí Ọlọ́hun fi ohun tó tó wa tẹ́ wa lọ́rùn. Àmín.