Ojú Ṣọ́ọ̀ṣì, Inú Mọ́ṣáláṣí? Àríwísí lórí Orúkọ Mọ́ṣáláṣí Àtijọ́ Àjàṣẹ́

Nígbà tí mo wà ní kólẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ wa kan sọ fún wa lédè Faransé pé ṣọ́ọ̀ṣì ni Mọ́ṣáláṣí Àtijọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí. Láti Banikanni níbí sí Àjàṣẹ́ tó nǹkan bí 400 kìlómítà, n kò sì tíì fojú kàn án, nítorí náà mo gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé orúkọ tí a ń pe ilé náà ló ń bọ́ àṣìṣe yìí.

Láti 1912 títí di 1935 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn Mùsùlùmí Àgùdà, tí àwọn bàbá wọn ti Brazil padà, ló kọ́ ọ. Ilé-ìṣọ́ méjì tó wà níwájú rẹ̀ àti ọ̀dà aláràbarà ara rẹ̀ jọ ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Salvador ní Bahia, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wọn ti wá. Irú iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni João Baptista da Costa ṣe sí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Kò sẹ́ni tó sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo àpólà orúkọ méjì. Ní Ouidah, odi kan wà tí àwọn Potogí kọ́ ní 1721, tó ní ilé àdúrà tirẹ̀ nínú. Wọ́n ń pè é ní «fort portugais». Ọ̀rọ̀ àpèjúwe yìí ń sọ ẹni tó ni ín: ọwọ́ Potogí ló wà títí di 1961. Nínú «mosquée afro-brésilienne», ìhun kan náà ni, àmọ́ ìrísí ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe ń sọ, kì í ṣe oní-nǹkan. Ẹni tó mọ Brazil sí ilẹ̀ Kátólíìkì á fi ti àkọ́kọ́ túmọ̀ èkejì, á sì rò pé oníṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín.

Ẹnì kan lè ní kí a kúkú lo Yorùbá: «mọ́ṣáláṣí Àgùdà». Ìyẹn tún burú jù, nítorí Àgùdà kan náà là ń pe Kátólíìkì. Èdè wa kò gbà wá níbí. Ìhun tí a bá yàn ló lè gbà wá. Ohun tí mo dábàá ni «mọ́ṣáláṣí tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà kọ́». Ó gùn lóòótọ́, àmọ́ ó dárúkọ olùṣe. Ó sì bá ìtàn mu: Mùsùlùmí Yorùbá wà lára àwọn tó dìde ní Salvador ní 1835, «malê» tí wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀ sì wá láti inú Ìmàle tiwa. Ẹ̀sìn náà ti bá wọn lọ kí ó tó bá wọn bọ̀.

Mọ́ṣáláṣí tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, ọ̀dà ara èyí àtijọ́ sì ti ṣá. Bí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, Mùsùlùmí kò ní kà á sí ogún, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì náà kò sì ní. Ta ló máa wá dáwó tún un ṣe? Àwa tí a ń túmọ̀ ìwé fún àwọn àlejò àti fún iléèwé la lè kọ́kọ́ yí orúkọ náà padà.