Kíkọ̀ Méjì tí Ezeulu Kọ̀

Nígbà tí a ka Arrow of God, ìwé tí Chinua Achebe gbé jáde ní ọdún 1964, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní olóríkunkun ni Ezeulu, ọ̀rọ̀ sì parí. Èmi kò gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá náà kọ̀, mo sì rò pé ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba.

Ezeulu ni àwòrò Ulu ní Umuaro, ní ilẹ̀ Ìgbò. Winterbottom tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fẹ́ fi í jẹ olóyè tí yóò máa bá ìjọba ṣàkóso, Clarke tí ó jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ ni ó sì jíṣẹ́ náà fún un. Ezeulu ní òun kò ṣe olóyè ẹnikẹ́ni àfi ti Ulu. Kò yọ àdá, kò pariwo. Wọ́n tì í mọ́lé. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí: Clarke wá ń wá orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun yóò kọ sínú ìwé, kò tètè rí i. Òfin wo ni ó ní kí ènìyàn má kọ oyè? Ìjọba ní ọlọ́pàá, ó ní ẹ̀wọ̀n, síbẹ̀ ó nílò kí arúgbó kan sọ pé "ó dára".

Òṣùpá titun méjì yọ nígbà tí Ezeulu wà ní àhámọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí òṣùpá bá ti yọ ni àwòrò ń jẹ ọ̀kan nínú iṣu mímọ́ méjìlá, kí ó tó lè kéde ọdún iṣu titun. Nígbà tí ó dé, àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ èyí tí ó ṣẹ́ kù, kí ẹ̀bi rẹ̀ wà lórí àwọn. Ó kọ̀. Iṣu há sínú ilẹ̀, ebi dé.

Bí inú bá ń bí bàbá mi, oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ̀. (Bàbá mi, bí ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.) Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ yóò wà lórí tábìlì títí yóò fi tutù, màmá mi kò sì ní rí oorun sùn. Iṣu Ezeulu ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá mi ni ó lágbára jù nínú ilé wa. Níwájú Clarke, Ezeulu kò ní nǹkan kan ju ẹnu rẹ̀ lọ. Níwájú Umuaro, oúnjẹ gbogbo ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ wa ní òfin òrìṣà ni, pé Ezeulu kọ́ ni ó ṣe é. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Achebe ti jẹ́ kí a gbọ́ èrò ọkàn rẹ̀ ní àhámọ́, bí ó ṣe ń pèrò láti gbẹ̀san lára àwọn ará ìlú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló jàǹfààní rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tí ẹ̀rù Ulu ń bà mú iṣu wá fún Ọlọ́run tiwọn, kí ó lè wa èyí tí ó kù lóko. Lẹ́yìn ikú Obika, ọmọ Ezeulu, ọ̀pọ̀ bàbá ní Umuaro di iṣu lé ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì rán an lọ síbẹ̀.