Ìlù J Dilla nínú Àwo Donuts
Ẹ̀sùn tí a sábà máa ń fi kan àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ṣe orin hip-hop ni pé wọn kò mọ ìlù ú lù, orin olórin ni wọ́n ń jí gbé. Iṣẹ́ James Yancey, J Dilla, ọmọ Detroit ní Amẹ́ríkà, kò jẹ́ kí ẹ̀sùn náà dúró.

Alágbàṣe ni, ó ṣe orin fún The Pharcyde, A Tribe Called Quest àti Common, ohùn tiwọn ni ayé sì ń gbọ́. MPC, ẹ̀rọ tí ó ń lò, lè to ìlù gún régé bí ọmọ ogun. Dilla a máa pa ètò yìí tì, a fi ìka lù ú: ìlù kan á yá díẹ̀, òmíràn á fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó mọ bí ìyá-ìlù ti ń bá omele ṣeré kò ní pe èyí ní àṣìṣe. (Èmi kò wí pé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti kọ́ ọ o.)

Donuts jáde ní ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 2006, ọjọ́ tí ó pé ẹni ọdún 32. Àìsàn pa á ní ọjọ́ 10. Nínú orin 31 tí ó wà níbẹ̀, àwọn kan parí kí etí tó gbà wọ́n; àléébù ni lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ó ti gé ohùn àwọn akọrin àtijọ́ wẹ́wẹ́, tí ó tún un tò títí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fi dún bí ìdágbére. Orin tí ó fi ṣí àwo náà ni ó pè ní ìkádìí. Èyí tí ó kẹ́yìn sì já padà sí ìbẹ̀rẹ̀.