Ẹ̀rọ Ìrẹ́ran ní Òwúrọ̀

Bí súpámákẹ́ẹ̀tì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni mo máa ń débẹ̀, ní Houston níbí, nítorí ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ìdí káńtà ẹran ló ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ tòlótòló sísè àti háàmù pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́ fún ẹni tó fẹ́ fi sáàárín búrẹ́dì. Àwọn oníbàárà ń yìn ín pé ó mọ ẹran í rẹ́ fẹ́lẹ́. Òótọ́ ni: bó bá gbé ègé kan sókè, ìmọ́lẹ̀ á yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fọ ẹ̀rọ ni èmi ń wò.

Ọmọ mi ní àrùn celiac. Glúténì inú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dìde gbógun ti ìfun rẹ̀. Nílé, ọkàn mi balẹ̀. Àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, àkàrà, mọ́ínmọ́ín: kò sí àlìkámà nínú èyíkéyìí. Ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ wà, níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ sáńwíìṣì lọ́sàn-án. Búrẹ́dì tí kò ní glúténì wà lọ́jà. Ẹran ló kù.

Ẹran lásán kò ní glúténì. Ohun tí wọ́n fi ń mú un dùn ló ń gbé glúténì wọlé: soy sauce tí wọ́n sábà máa ń fi àlìkámà ṣe, mọ́ọ̀tì, tàbí ìyẹ̀fun tó ń mú ẹran lílọ̀ dì. Lọ́dún 2013, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé oúnjẹ tí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò ní glúténì, glúténì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ìdá 20 nínú 1,000,000. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2004 tó ní kí wọ́n dárúkọ àlìkámà kò dé orí ẹran tí USDA, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, ń mójú tó. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń kọ ọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú wọn. Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ kà á fúnra mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ̀. Á gbé odidi tòlótòló lé káńtà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, á yí ibi tí wọ́n kọ èròjà sí sọ́dọ̀ mi, á sì dúró títí n ó fi kà á tán.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀rọ, nítorí glúténì ẹran mìíràn lè ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná. Ó yí ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ègé padà sí òdo, kí ẹnu abẹ lè pamọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ onírin. Ó tú àwo tó ń gbé ẹran, ó tú ìbòrí abẹ, ó kó wọn sínú omi gbígbóná ọlọ́ṣẹ. Ó wá kan abẹ roboto náà. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Láti àárín ló ń nù ún lọ sétí, kì í nù ún láti etí wá sáàárín láé. Bí iwájú bá tán, ó kan ẹ̀yìn, tí ojú oníbàárà kò tó, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rá àti èérún ń sá sí.

Níbòmíràn tí mo ti ra ẹran rí, oògùn apakòkòrò àrùn ni wọ́n fọ́n sí ẹ̀rọ, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n ní ó ti mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ mi fi di ikùn mú. Kòkòrò àrùn ni oògùn yẹn ń pa. Glúténì ò lẹ́mìí tí èèyàn máa gbà. Àfi kí wọ́n fọ̀ ọ́ kúrò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fi ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tó ń fi omi ṣàn án, kó tó kan oògùn. Kò ní fi aṣọ nù ún gbẹ. Atẹ́gùn ni yóò mú un gbẹ, a ó sì jọ dúró.

Ó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Ó tú ọ̀rá tòlótòló tí ọ̀bẹ kò tíì kàn. Ègé àkọ́kọ́ jáde, ó sọ ọ́ nù, kò tilẹ̀ wò mí. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń tò sórí bébà tuntun, ọ̀kan gorí èkejì. Ó wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Lẹ́yìn mi, ẹnìkan ti ń bèèrè sàlámì.