Kí Ọmọ Ajá Tó Di Ajá Ọdẹ

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó bá ra ọmọ ajá ọdẹ máa ń bi mí jù ni pé ìgbà wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọ̀yà. Ajá ọ̀hún kò tíì ju ọmọ oṣù méjì lọ, eyín àkọ́hù ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Èsì mi kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ wọn: ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kó má ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ ṣeré.

Ilẹ̀ ọdẹ ni ilẹ̀ wa ní Ọ̀jọ́ yìí. Ọdẹ ni ìtàn àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ yìí pe Ògúnfúnminírè, bàbá ńlá wọn tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Ilé ti gba púpọ̀ nínú igbó ibí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1983 ni ilé ti ń ti ilé lẹ́yìn títí dé Ìba àti Òkokomáíkò. Síbẹ̀ ìrà ṣì wà, koríko ṣì wà, ọ̀yà àti òkété kò sì tíì kó kúrò. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ajá ibí tó mọ òórùn ẹran, ó ní láti mọ ariwo jẹnẹrétọ̀, fèrè dánfó ní ọ̀nà Badagry àti ẹ̀rọ orin tó ń pariwo ní ọjà Alábà. Èyí tí kò bá mọ̀ wọ́n ní kékeré, ẹ̀rù wọn ni yóò máa bà á títí ọjọ́ alẹ́.

John Paul Scott àti John L. Fuller fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọmọ ajá ẹ̀yà márùn-ún ní Bar Harbor, ní Amẹ́ríkà. Basenji, ajá ọdẹ ilẹ̀ Kóńgò, wà lára wọn. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1965, wọ́n fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 12 ni ọmọ ajá máa ń mọ ènìyàn mọ́ra jù. Ìgbà yẹn náà ni àjẹsára kò tíì pé lára rẹ̀, tí àìsàn parvo sì lè ti ilẹ̀ tí ajá mìíràn ti yàgbẹ́ sí ràn án. Nítorí náà, àyà mi ni mo máa ń gbé e mọ́ lọ sẹ́bàá ọ̀nà. A ó jọ dúró, yóò máa wo ọkọ̀, n ó máa fún un ní ẹja gbígbẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni ìyẹn náà.

Fèrè ló tẹ̀lé e. Kí n tó gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, n ó fọn ún lẹ́ẹ̀mejì, ní ṣókí. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ajá mélòó ni wọ́n ti kọ́ ní fèrè kí wọ́n tó kó o wọ igbó?

Bó bá pé oṣù mẹ́ta, tó sì ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, n ó so awọ òkété mọ́ okùn, n ó wọ́ ọ gba inú koríko kí ìrì òwúrọ̀ tó gbẹ. Ẹ wá wo imú! Yóò kọ́kọ́ sáré kọjá ibi tí òórùn ti yà, yóò dúró, yóò yí orí padà, ìrù rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò sì wá a títí yóò fi bá a. N ó yìn ín, n ó fún un ní orí ẹja, ó parí. Kò sí èkejì lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó máa fò mọ́ mi tó.

Ní Yunifásítì Copenhagen, àwọn olùwádìí kọ́ ajá Beagle 44 láti lọ dúró sínú apẹ̀rẹ̀. Èsì tó jáde ní 2011 ni pé, bí a bá ka iye ẹ̀kọ́, àwọn tí wọ́n kọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tètè mọ̀ ọ́n ju àwọn tí wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́ lọ. Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà sì borí àwọn tó gba mẹ́ta léraléra. Inú mi dùn gan-an sí èyí, torí ajá ọdẹ ni Beagle.

Ajá tí ẹ̀kọ́ ti sú kì í pa á mọ́. Á máa yán láìsí oorun lójú rẹ̀, á máa lá imú, á jókòó máa họ etí, á kọ̀yìn sí yín. Ṣáájú èyí ló yẹ kí ẹ ti dúró.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń so ọmọ ajá oṣù márùn-ún mọ́ ọ̀kadà, tí wọ́n ń bá a sáré lórí ọ̀dà gbígbóná kí ó lè lágbára. Egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà nídìí oríkèé. Ó di bí ọdún kan kó tó dì, ti ajá ńlá tún ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá bàjẹ́ lásìkò yìí, kò sí oògùn ọdẹ tó ń tún un ṣe.

Ìró ìbọn ló kẹ́yìn. Ìró ìkòkò láti òkèèrè nígbà tó ń jẹun la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa sún mọ́ ọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá tó bí oṣù mẹ́jọ, n ó jẹ́ kó tẹ̀lé ajá àgbà wọ ìrà, láìmú ìbọn dání. Ọjọ́ tí ọ̀yà bá ń sá lọ níwájú rẹ̀, tí mo fọn fèrè, tó sì yí padà wá bá mi, ọjọ́ náà ni n ó so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn.