Àjà, Kọ́rídọ̀ àti Fèrèsé: Ìtàn Tó Wà Nínú Fúláàtì Alápẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ ìṣelélọ́ṣọ̀ọ́ kò ní ibi tí kò dé ní Èkó, Alápẹ̀rẹ̀ kò sì gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ti etí òpópónà márosẹ̀ yà wọ àdúgbò náà, tó kọjú sọ́nà Kétu, yóò rí àwọn tó ń rán kọ́tíìnì, àwọn káfíńtà tó to àga síta, àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń po POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà nínú garawa. Àwòrán inú fóònù ni ìwé iṣẹ́ wọn. Oníbàárà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí èyí ṣe rí yìí ni kó rí o." Wọ́n á wọn yàrá, wọ́n á dúnàá dúrà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gboyè nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́, láti Íjíbítì dé Gíríìsì dé Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Jámánì, wọ́n yege ìdánwò, wọ́n sì pa ìwé náà dé.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níhìn-ín ni pé ìwé tí wọ́n pa dé yẹn ni ohun èlò tó yẹ kó ṣíwájú téèpù ìwọ̀nlé. Gbogbo ohun tó wà nínú pálọ̀ ló ní ìdí tí wọ́n fi kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí ìdí bá ti kúrò tí nǹkan sì ṣẹ́ kù, ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ á máa fi ọ̀dà tuntun kun ìṣòro àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Àjà POP ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ béèrè: kí etí rẹ̀ ní ìpele ìpele, kí òdòdó wà láàárín níbi tí fáànù yóò so rọ̀ sí, kí iná aláwọ̀ búlúù fara pamọ́ sẹ́yìn ìpele náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń yínmú sí i. Wọ́n ní àṣà olówó àná ni, kò ní gbòǹgbò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Pópó Àgùdà ní Èkó. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, túbọ̀ ń padà wálé lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun gba Èkó lọ́dún 1851. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wà lára ohun tí wọ́n kó bọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kọ́, wọ́n mọ òdòdó àti ewé sí orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, wọ́n kun ún ní àwọ̀ tó ń pe ojú. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, ló kọ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894, Sanusi Aka tó jẹ́ bíríkìlà ọmọ ìbílẹ̀ sì bá a ṣe é. Ìṣọwọ́ṣọnà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Potogí wá ló wà lára mọ́sáláṣí, kò sì sí ẹni tó ní kò bá ibẹ̀ mu. Ọmọ iṣẹ́ POP tí à ń fojú di ní Alápẹ̀rẹ̀, àrólé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n àrólé tí kò mọ ohun tí òun jogún ni. Ìta ni òdòdó àwọn Àgùdà kọjú sí. Ẹni tó ń kọjá lọ ni wọ́n ṣe é fún, kó lè mọ̀ pé àwọn tí wọ́n kó lọ lẹ́rú ti dé, wọ́n sì dé pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́. Lónìí, fẹ́ǹsì gíga àti géètì irin ti bo iwájú ilé. Ẹwà tó ń kí ará ìta ti sá wọlé, ó gun orí àjà. Nínú yàrá tí kò ga, ìpele POP tó sọ̀ kalẹ̀ á tún gba lára àyè tí ooru ìbá gbà gòkè, fáànù á sì súnmọ́ orí èèyàn. Bí òrùlé bá wá ń jò, àbààwọ́n pupa á yọ lára òdòdó náà kí òjò ọdún náà tó dá. Ẹni tó mọ ìtàn yìí kò ní láti bá oníbàárà jà lórí POP. Yóò kàn bi í pé ta ló fẹ́ fi hàn, yóò sì gbé ọ̀ṣọ́ náà lọ síbi tí àlejò yóò ti rí i: ẹnu ọ̀nà, etí àtẹ̀gùn, ògiri tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Kí àjà fúnra rẹ̀ ga bó bá ṣe lè ga tó.

Ó dùn mí pé ibi tí irú ẹ̀kọ́ yìí ti hàn gbangba jù ni à ń wó. Ilé Ìlójò, tí wọ́n kọ́ bíi ti àwọn Àgùdà lọ́dún 1855 ní ìta Tinúubú, tí ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ilé tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé téèpù lọ wọ̀n ti di ohun tí à ń wò nínú fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kọ́rídọ̀ tún jinlẹ̀ ju ti àjà lọ. Nínú agboolé àtijọ́, àgbàlá ló wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, yàrá sì wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn, kò sì burú bẹ́ẹ̀, nítorí oorun àti ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ayé ti ń lọ: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, ibẹ̀ ni bàbá ti ń parí ìjà. Lọ́dún 1984, John Michael Vlach, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa àṣà ìbílẹ̀, kọ̀wé lórí bí ilé àwọn Àgùdà ṣe tàn ká ilẹ̀ Yorùbá títí tó fi di ilé gbogbo èèyàn. Àgbàlá lọ, kọ́rídọ̀ tó la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn ló rọ́pò rẹ̀, yàrá sì wà lọ́tùn-ún lósì. (Vlach yìí kan náà ló jiyàn lọ́dún 1976 pé ilé gbọọrọ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé ní New Orleans ní ìran Yorùbá nínú, ó gba Haiti kọjá. Ilé wa rìnrìn àjò jù wá lọ.)

Láti ilé oníkọ́rídọ̀ yẹn sí "face-me-I-face-you" kò jìnnà. Nígbà tí èrò pọ̀ sí i ní Èkó, onílé wo kọ́rídọ̀ náà, ó rí i pé yàrá kọ̀ọ̀kan lè gba ìdílé kan. Pálọ̀ iwájú di yàrá tí wọ́n ń gbowó lé, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Alápẹ̀rẹ̀ àti Kétu, wọ́n sì ti ń sọ àwọn kan di fúláàtì. Lójú tèmi, ibí ni àìmọ ìtàn ti ń ṣe ìpalára jù. Oníṣẹ́ tí wọ́n ní kó tún ilé bẹ́ẹ̀ ṣe á ka kọ́rídọ̀ sí àyè òfo. Á dín in kù, á lẹ táìlì mọ́ ọn, á fi iná sí i tí wọn yóò máa tàn lọ́sàn-án gangan. Kò mọ̀ pé kọ́rídọ̀ náà ló ṣẹ́ kù nínú àgbàlá, pé ibẹ̀ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí atẹ́gùn ń gbà la ilé já. Bó bá dí i, gbogbo yàrá ló dí.

Fèrèsé ni kí á wá wò. Pálọ̀ kan wà ní Alápẹ̀rẹ̀ tí mo fara balẹ̀ wò, nítorí pé ó jọ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn. Fèrèsé sliding kan ṣoṣo ló ní, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú. Ẹ̀yìn àga oníjókòó mẹ́ta bo ìdajì rẹ̀ nísàlẹ̀. Kọ́tíìnì ìlọ́po méjì gùn láti òkè dé ilẹ̀, wọn kì í sì í ṣí i nítorí fèrèsé ará ẹ̀yìnkùlé súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè gbọ́ ìgbà tó ń sín. Lára ògiri tó bá ilé ìwẹ̀ pààlà, wọ́n lẹ wallpaper tó jọ bíríkì. Etí rẹ̀ ti ń ká, èbu dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ọ̀rinrin ọ̀sà kò jìnnà sí àdúgbò yìí. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lókè. Bí iná bá ti lọ, gbogbo ilé á dìde, wọ́n á gbé àga oníke, wọ́n á lọ jókòó sí orí àtẹ̀gùn níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Owó tí wọ́n ná sórí pálọ̀ wà nínú òkùnkùn, àwọn tó ni ín wà níta.

Fèrèsé sliding ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kò lè ṣí ju méjì lọ, nítorí apá kan gbọ́dọ̀ dúró kí èkejì tó wọ́. Fèrèsé louvre tí wọ́n yọ kúrò kí wọ́n tó fi í sí máa ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èèyàn sì lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí atẹ́gùn máa wọlé nígbà òjò. Àmọ́ louvre náà ní àbùkù tirẹ̀: eruku ń bà lé e, olè sì lè yọ dígí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìpariwo. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí jẹ àwọn ayàwòrán ilé lógún gan-an ní ẹ̀wádún 1950. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n yàwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn, ṣe ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn lè gbà kọjá, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù oníhò dá oòrùn dúró. Ní ọdún 1956 wọ́n kọ ìwé lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru. Lẹ́yìn ìyẹn, ní Ifẹ̀, Arieh Sharon tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì ya ilé kan fún yunifásítì tí àjà òkè rẹ̀ yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ṣíji bo èkejì. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ohun tí mo fi ń bá wọn wí ni pé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí oòrùn níhìn-ín, nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń ṣíji bo ògiri tipẹ́tipẹ́.

Ẹnì kan lè ní, ó dáa, ká padà sílé nìyẹn, ká fi àdìrẹ ran tìmùtìmù, ká gbé egúngún onígi kọ́ ògiri. Irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ báyìí, wọ́n ń pè é ní ti ìbílẹ̀. Àwòrán inú fóònù náà ló ṣì jẹ́, àwọ̀ ló yàtọ̀. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri, wọ́n sì ń tún un kùn fún ọdún òrìṣà. Ìtúnkùn yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ya àwòrán wọn sára wallpaper ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó mú òjìji. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí Adolf Loos, ayàwòrán ilé, ti ń sọ ní Vienna pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là ló ń fi ọ̀ṣọ́ sára nǹkan, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, ń gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí wọ́n gbé rù wá síwájú ọba tó jókòó sórí ìtẹ́. Ọ̀ṣọ́ náà ni ìròyìn, òun sì ni ìwé ìtàn ààfin. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní Ìlú Ọba lọ́dún 1924, tí British Museum fẹ́ rà á, ọba kò tà á. Àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ló gbà dípò rẹ̀. Àwọn kan ka pàṣípààrọ̀ yẹn sí àdánù. Èmi rí i pé ọba mọ ohun tí àga àjèjì lè ṣe nínú ààfin, ó sì mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣì wà láàyè.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú àfarawé, bí Ògògà àti àwọn Àgùdà ti fi hàn. Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1973, bi àwọn Yorùbá pé kí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ní ère dára. Lára ìdáhùn wọn ni pé kí ère jọ èèyàn, ṣùgbọ́n kó má jọ ẹnì kan jù. Tíọ́rì nìyẹn, ó sì bá iṣẹ́ wa mu. Pálọ̀ tó jọ ti inú fóònù láìku ibì kan ti jọ ọ́ jù.

Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, ni mo mọ̀ tó fi ìtàn ṣiṣẹ́ lọ́nà tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, ó lọ sí Paris, ó tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ó sì kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican síbẹ̀. Ó po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì mú àgbàlá àti ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè wá padà sínú ilé. Ní ọdún 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà nítorí iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ tó gbòòrò ló fi ṣe é, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un sì gbà kó ṣe bó ṣe wù ú. Ayálégbé Alápẹ̀rẹ̀ ń gbé lórí àbọ̀ pulọ́ọ̀tì, kò gbọdọ̀ lu ògiri, owó ilé ọdún tó ń bọ̀ sì ń lé e.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni bákònì. Àwọn Àgùdà fi ṣe ibi ìwòran. Ní Alápẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi irin yí i po, jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì omi ló ń gbé ibẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń padà wọlé. Oníṣẹ́ tó bá mọ ìtàn ọ̀dẹ̀dẹ̀ á béèrè lọ́wọ́ oníbàárà pé ibo lẹ máa ń jókòó sí bí iná bá lọ, kó tó béèrè àwọ̀ kọ́tíìnì. Á sún àga kúrò lẹ́nu fèrèsé, á jẹ́ kí àjà wà bó ṣe wà, á sì ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà sórí bákònì: ẹní, ìjókòó tí kò gba àyè, aṣọ tó ń dá oòrùn dúró. Jẹnẹrétọ̀ ni yóò fún un ní wàhálà, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè gbé e sí àfi ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yìnkùlé kì í sì í ṣe ti ayálégbé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ náà máa bí, onílé ni wọn yóò kọ ọ́ sí.